Louise Dahl-Wolfe, Obìnrin Ẹ̀yìn Kámẹ́rà

Bí ẹ bá rántí, ìtàn Dúró Ládiípọ̀ ló wà ní igun yìí ní sáà tó kọjá. Kó tó dìgbà yẹn, Susanne Wenger ni, Àdùnní Olórìṣà. Àwọn méjèèjì yẹn, Ọ̀ṣogbo mọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí a fi mú wọn. Èyí tí mo mú wá lónìí, ẹ óò béèrè. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀ṣogbo, kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kódà kì í ṣe adúláwọ̀. Louise Dahl-Wolfe ni orúkọ rẹ̀. Onífọ́tò ni. Aṣọ àti oge ló ń yà, fún ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Harper's Bazaar ní Amẹ́ríkà, láti 1936 títí dé 1958. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ìkankan nínú àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ná. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ní. Níbi eré ìdárayá tó kọjá, orúkọ mi ló wà lára bébà pé kí n ya àwọn tó ń yan kọjá níwájú àwọn àlejò. Sìnìọ̀ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní iwájú kámẹ́rà ni obìnrin ń dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi yẹn ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìlẹ́ṣà. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ tí mo ti ń rí láti kékeré: Yèyé nígbà tí kò tíì lọ́kọ, ó dúró gbọnyin, ó fi ọwọ́ kan lé orí àga, aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n ya àtẹ̀gùn òyìnbó sí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú àti funfun ni. Ní ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí béèrè irú àwọ̀ tí gèlè rẹ̀ ní. Yèyé ní pupa ni, pupa bí epo tuntun, pé ìró tó wà nísàlẹ̀ ni àdìrẹ aláró láti Ọ̀ṣogbo. Òṣómàáló ni baba rẹ̀, ó ń ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, ó ń tà á láwìn, yóò sì padà lọ lóṣooṣù láti lóṣòó títí wọn yóò fi san owó rẹ̀. Inú ẹrù baba yìí ni gèlè náà ti jáde. Mo ti ń wo fọ́tò yẹn láti ìgbà tí mo ti dáyé, bí eérú ni gèlè náà rí lójú mi.

Yèyé tún sọ nǹkan mìíràn. Ó ní onífọ́tò fẹ́ kí òun jókòó, òun kọ̀, nítorí pé bí òun bá jókòó, ìró kò ní hàn dé etí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ kí onífọ́tò tó gbà. Mo wá ń ronú lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń padà bọ̀ pé ó jọ pé obìnrin ló mọ bí aṣọ ṣe yẹ kó hàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló di kámẹ́rà mú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo ni? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ni mo bi, òun ló sì kọ́kọ́ dárúkọ Louise fún mi.

Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní San Francisco, etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti Norway ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá. Ní 1914 ó wọ ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà ní ìlú náà. Kíkùn ló fẹ́ kọ́, kì í ṣe fọ́tò. Olùkọ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rudolph Schaeffer ló kọ́ ọ ní àwọ̀, bí àwọ̀ kan ṣe ń yí padà bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, bí pupa méjì ṣe lè wà kí wọ́n má jẹ́ pupa kan náà. Àwa tí à ń pe ìlú wa ní Ọ̀ṣogbo ìlú aró, ó yẹ kí èyí yé wa. Aláró kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé aṣọ tí wọ́n rì bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́rin kì í ṣe ọmọ ìyá. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú bẹ́ẹ̀ ni Louise ní.

Ní 1921 ó pàdé Anne Brigman, obìnrin onífọ́tò kan tó máa ń ya àwọn obìnrin láàárín igi àti àpáta lórí òkè. Ìgbà tó rí àwọn fọ́tò yẹn ni kámẹ́rà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kò sí owó láti ra gbogbo irinṣẹ́, nítorí náà ó fi àpótí èso àti agolo kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá. (Ẹ̀yin tí ẹ fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ ìṣeré ní kékeré, ẹ lè ya fọ́tò o!) Ṣùgbọ́n fọ́tò kọ́ ló ń bọ́ ọ. Ó ya àwòrán fún àwọn tó ń ṣe pátákó oníná, ó tún bá àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ṣiṣẹ́.

Ní 1927, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Consuelo Kanaga, tí òun náà jẹ́ onífọ́tò, rìnrìn-àjò lọ sí Yúróòpù, wọ́n sì kọjá sí àríwá Áfíríkà. Ní Tunisia ló ti pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Meyer Wolfe, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, agbẹ́gilére àti akùnwòrán. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1928. Kò ju orúkọ baba rẹ̀ nù, ó so ó mọ́ ti ọkọ rẹ̀, ó di Dahl-Wolfe. Mo fẹ́ kí sìnìọ̀ mi yẹn ka ibi tó kù yìí dáadáa: nígbà tí iṣẹ́ ìyàwó yìí wá gbòòrò, ọkọ rẹ̀ kò gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn tí àwọn ọmọbìnrin ń dúró níwájú rẹ̀ ló ń bá a kùn.

Ní 1932 wọ́n ń gbé ní Tennessee, ìpínlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti dàgbà, ní ẹ̀bá òkè. Ìgbà tí ọwọ́ gbẹ káàkiri Amẹ́ríkà nìyẹn. Kò sí mọ́dẹ́ẹ̀lì, kò sí aṣọ olówó ńlá. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń yà, àwọn tálákà orí òkè. Ọ̀kan nínú wọn, fọ́tò obìnrin kan tí ìyà ayé ti kọ sí lójú, jáde nínú ìwé ìròyìn Vanity Fair ní 1933. Ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ ọ́n. Ẹni ọdún 37 ni, ó ń lọ sí 38. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ayé yín ti bàjẹ́ torí pé ẹ ó tún JAMB ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí mo ń bọ̀ yìí ni mo ti dúró pẹ́ jù nígbà tí mò ń kàwé nípa rẹ̀.

Ní ìlú Nashville, ní Tennessee yẹn kan náà, adúláwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ William Edmondson. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lọ sí ilé-ìwé ọnà kankan. Òkúta ẹfun tí wọ́n rí lára ilé tó wó ló fi ń gbẹ́ òkúta ojú ìsà-òkú, ó sì ń gbẹ́ ẹyẹ, áńgẹ́lì àti èèyàn. Ìṣó ńlá tí wọ́n fi ń kan ojú irin rélùwéè ló sọ di irinṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé inú igbó Ọ̀ṣun, tí ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó di ọ̀gá nínú fífi sìmẹ́ńtì ṣe ère, ẹ mọ irú èèyàn tí mò ń sọ.

Louise lọ bá Edmondson ní àgbàlá rẹ̀. Ó yà á láàárín àwọn ère rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn àti òòlù lọ́wọ́. Fọ́tò ńlá ni wọ́n, ọkùnrin náà dúró nínú wọn bí ọba. Ó gbé wọn lọ fún Harper's Bazaar. Wọn kò tẹ̀ wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Hearst, ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà, ti là á sílẹ̀ pé àwòrán adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ jáde nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o. Kì í ṣe pé fọ́tò kò dára. Àwọ̀ ara ọkùnrin náà ni.

Louise kó àwọn fọ́tò náà lọ sí Museum of Modern Art ní New York. Àwọn tó wà níbẹ̀ wò wọ́n, ẹnu yà wọ́n. Ní 1937, ilé ọnà náà ṣe àfihàn iṣẹ́ Edmondson, ère méjìlá, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe àfihàn tirẹ̀ nìkan fún níbẹ̀. Kámẹ́rà obìnrin yìí wà lára ohun tó gbé e débẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ó bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀? Òótọ́ ni, ó bá wọn ṣiṣẹ́ ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo àwọn arẹwà tó ń yà fún wọn, òyìnbó ni wọ́n. Mo wá àwáwí fún un, mi ò rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan, ó gbé fọ́tò rẹ̀ lọ kan òmíràn. Kò jù ú sínú àpótí. Èmi tí mo fi ẹ̀rín gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mi ò lẹ́nu láti bá a wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi aṣọ. Nígbà tó dé Harper's Bazaar ní 1936, àwọn obìnrin mẹ́ta, bí mo bá ka òun náà mọ́ ọn, ló wá ń darí ohun tí ìwé yẹn ń fi hàn: Carmel Snow tó jẹ́ olóòtú, Diana Vreeland tó ń ṣa aṣọ, àti Louise tó ń yà á. Alexey Brodovitch, ọmọ Rọ́ṣíà, ló ń to ojú ìwé. Kó tó dìgbà náà, inú sítúdíò ni wọ́n ti máa ń ya púpọ̀ nínú aṣọ oge, lábẹ́ iná, kí ọmọbìnrin dúró gan-an bí ère. Louise mú wọn jáde sínú oòrùn. Ó gbé wọn lọ sí etí òkun, sí aginjù, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun tí òjìji ewé ń mì lára rẹ̀. Ọmọbìnrin lè fara ti nǹkan, ó lè sùn sínú iyanrìn, ó lè wo ibòmíràn. Wọn kì í jọ ẹni tó ń bẹ̀rù onífọ́tò. Ní 1950 ó tún padà lọ ya aṣọ ní Tunisia, níbi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀.

Fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kodachrome ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà náà. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń bẹ̀rù rẹ̀, torí pé bí èèyàn kò bá mọ ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá jọ súwíìtì ọmọdé. Louise ti kọ́ àwọ̀ láti 1914, ó ti ń dúró de fíìmù yìí kí wọ́n tó ṣe é! Kò sì fi iṣẹ́ mọ sórí yíyà. Bí àwọn atẹ̀wé bá ti tẹ ẹyọ kan fún àyẹ̀wò, yóò gbé e sójú, yóò kọ sí i pé ibí yìí pupa jù, awọ ara ọmọ yìí ti di yẹ́lò, ẹ padà lọ tún un ṣe. Kò gbà fún wọn. Ìgbà tí mo kà á débẹ̀ ni mo rántí baba Yèyé, tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn Jámánì gba Paris láti 1940 sí 1944, aṣọ oge kò rí ọ̀nà kọjá sí Amẹ́ríkà mọ́. Àwọn aránṣọ Amẹ́ríkà fúnra wọn ló kù. Ọ̀kan nínú wọn ni Claire McCardell, obìnrin tó ń fi òwú àti aṣọ iṣẹ́ rán ohun tí obìnrin lè wọ̀ kó sì máa sáré kiri. Aṣọ rẹ̀ àti oòrùn Louise bára mu. Lẹ́yìn ogun, Louise lọ sí Paris náà láti ya tiwọn.

Ní oṣù kẹta 1943, ó gbé ọmọ ọdún 18 kan tí kò lórúkọ sí iwájú ìwé ìròyìn náà. Ọmọ náà dúró níwájú ilẹ̀kùn ibi tí Red Cross ti ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àwọn jagunjagun, ojú rẹ̀ le díẹ̀. Betty Bacall ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó Howard Hawks, ọ̀gá nínú àwọn tó ń ṣe sinimá ní Hollywood, rí fọ́tò náà, ó fi han ọkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1944, ọmọ yẹn ti wà nínú fíìmù pẹ̀lú Humphrey Bogart, orúkọ rẹ̀ ti di Lauren Bacall, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Fọ́tò kan ṣoṣo o.

Kí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tó parí, fọ́tò rẹ̀ ti wà níwájú ìwé náà nígbà 86, ó ti ní ojú ìwé aláwọ̀ bí 600, àwọn dúdú àti funfun sì tó 2,000. Ó tún ya àwọn òǹkọ̀wé, bíi Colette àti Carson McCullers. Richard Avedon, tí òkìkí rẹ̀ wá kàn ju tirẹ̀ lọ, bá a níbẹ̀ ni.

Ní 1958, Carmel Snow kò sí níbẹ̀ mọ́, Brodovitch náà ti ń lọ. Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun kan wá síbi títo ojú ìwé. Ní ọjọ́ kan tí Louise ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní sítúdíò rẹ̀, ọkùnrin yìí wọlé, ó rìn lọ sídìí kámẹ́rà, ó fi ojú sí ihò tí onífọ́tò fi ń wo ohun tó fẹ́ yà. Ó fẹ́ wò ó bóyá ó dára. Láti ọdún 22 tí Louise ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dán irú rẹ̀ wò. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí olóúnjẹ bá ń se ọbẹ̀, tí àlejò kan wá ṣí ìkòkò, tó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, tó ń tọ́ iyọ̀ wò, ẹ lọ bi màmá yín ohun tí yóò ṣe.

Ó bá àwọn ìwé ìròyìn mìíràn ṣe díẹ̀, ó sì sinmi ní nǹkan bí 1960. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ń gbé ní ìgbèríko New Jersey. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1985. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1989 ni Louise náà kú, ẹni ọdún 94. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ fọ́tò kan ní yunifásítì Arizona.

Kí ẹ má bàa rò pé òyìnbó nìkan ni: ní Ghana nítòsí wa níbí, Felicia Abban ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ baba rẹ̀ láti ọmọ ọdún 14, ó sì ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí Jamestown ní Accra ní àwọn ọdún 1950. Bó bá fẹ́ lọ sóde ayẹyẹ, yóò kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà ara rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, yóò ya ara rẹ̀ ná. Ó kú ní 2024. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú yín kọ ìtàn tirẹ̀ síbí ní ọjọ́ iwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, mo ní kí wọ́n yá mi ní kámẹ́rà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bojú wò mí títí, wọ́n gbà. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlẹ́ṣà ní àárọ̀ Sátidé. Gèlè pupa náà ti gbó, ó ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìró àdìrẹ náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí Yèyé, aró rẹ̀ kò ṣá rárá. Mo mú Yèyé jáde kúrò ní pálọ̀, mo ní kí wọ́n wá sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, torí pé oòrùn ṣì rọ̀. Mo gbé àga síbẹ̀ nítorí orúnkún wọn. Yèyé wo àga, wọ́n wò mí, wọ́n dúró.

Fọ́tò méjèèjì ló wà lápá ọ̀tún bébà yìí, ti àtijọ́ lókè, tèmi nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ.